Ìwé ìlò oògùn: «kóró méjì» àbí «méjì-méjì»?

Ògbufọ̀ Ifẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìlò oògùn ilé ìwòsàn kan nílé-Ifẹ̀ ni mò ń túmọ̀. Mo kọ ọ́ pé: «Lo kóró méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ 5.» Olùyẹ̀wò ní kò yanjú. Àmì ohùn tún ń ṣí kúrò lórí ẹ àti ọ lọ́dọ̀ atẹ̀wé.

Ará Ìlódè: Òótọ́ ni olùyẹ̀wò sọ o. Ẹlòmíì á pín kóró méjì péré sọ́nà mẹ́ta. Ẹ kọ: «Ẹ lo kóró méjì-méjì: méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, méjì lálẹ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 30.» Àmọ́ tí dókítà bá kọ wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ, ẹ dárúkọ aago: 6 àárọ̀, 2 ọ̀sán, 10 alẹ́. «Lo» lásán kò sì yẹ àgbàlagbà.

Ará Iléṣà: Ti àmì, kò sí ẹ́ tó jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode, ìyẹn ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà. U+1EB9 ni ẹ, U+0301 (àmì ohùn òkè) ló ń gùn ún lórí. Fọ́ńtì (irú ìrísí lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà) tí kò mọ̀ ọ́n gbé á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ lo Charis SIL tàbí Noto Sans. Àwọn kan tún ń fi U+0329 (ìlà kékeré) ṣe àmì ìsàlẹ̀ dípò U+0323 (àmì tóótó). Ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wá ọ̀rọ̀ náà nínú fáìlì, kò ní jáde. PDF ni kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ atẹ̀wé fún àyẹ̀wò.

Ògbufọ̀ Ifẹ̀: Ẹ ṣeun. Oògùn olómi ọmọdé ńkọ́, 5 ml?

Ará Ìlódè: Ẹ má kọ «ṣíbí kan», ṣíbí ilé kò dọ́gba. «Mílílítà 5, nínú ife ìwọ̀n tó bá oògùn wá.»