Mọ́tò ń gbọ̀n láàárọ̀, omi radiétọ̀ ń dínkù, ṣé ẹ́ńjìnnì ti lọ ni?

Ọlọ́kọ̀Àgbà:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mọ́tò mi ti dàgbà, ọdún 2003 ni wọ́n ṣe é, sílíńdà mẹ́rin, ó ti rin kìlómítà 318,000, kò sì yọ mí lẹ́nu rí àfi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí mo bá kọ́kọ́ sítáàtì ẹ̀ láàárọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, iná ẹ́ńjìnnì á máa ṣẹ́jú, èéfín funfun á máa tú jáde nínú sàlẹ́ńsà, tó bá ti tó ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta báyìí ara ẹ̀ á balẹ̀, á wá máa lọ wẹ́rẹ́ bíi pé kì í ṣe òun ló ń ṣe wèrè lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, P0302 ló gbé jáde. Mo pààrọ̀ pọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pàbó. Ohun tó tún ń dẹ́rù bà mí ni pé omi radiétọ̀ ń dínkù, bí ìdajì lítà lọ́sẹ̀, abẹ́ mọ́tò sì gbẹ táútáú, mi ò rí ibi tó ń jò sí. Mẹkáníìkì mi ò tiẹ̀ ṣí nǹkan kan kó tó ní kí n lọ wá ẹ́ńjìnnì míì. Ṣé lóòótọ́ ni?

ỌmọSùpánà:
Ẹ má tíì ra nǹkan kan o. P0302, sílíńdà kejì ni ò gbaná dáadáa, kò sọ ohun tó fà á. Ẹ gbé kọ́ìlì (ohun tó ń gbé iná fún pọ́ọ̀gì) sílíńdà kejì sórí ìkẹta, ẹ gbé ti ìkẹta wá sórí ìkejì, ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wá sítáàtì ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Tó bá di P0303, kọ́ìlì ni, ẹ ti bọ́. Tó bá ṣì jẹ́ P0302, inú sílíńdà fúnra ẹ̀ ni wàhálà wà tàbí ínjẹ́tọ̀ tó ń fọ́n epo sí i. Tí iná yẹn bá sì ń ṣẹ́jú ẹ má tẹ mọ́tò pa, epo tí ò jóná ló ń bọ́ sínú kátálítíìkì tó ń fọ èéfín mọ́ lọ́nà sàlẹ́ńsà, á jó o.

Tẹ̀lémi:
Èmi ò lè parọ́, oògùn tí wọ́n ń dà sí radiétọ̀ ni mo dà sí tèmi, ó sì dí i. Ẹ dà á sí i kẹ́ ẹ sinmi jàre.

BàbáGáréèjì:
Tẹ̀lémi, rọra. Oògùn yẹn ò mọ ihò tó yẹ kó dí, ó lè dí ọ̀nà omi tóóró inú radiétọ̀ àti ti hítà, mọ́tò á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná jù. Ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò ẹ̀ lọ́la ló ń dà á.

Ọlọ́kọ̀Àgbà, omi ń lọ, kò jò sílẹ̀, èéfín funfun, àárọ̀ nìkan, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì lọkàn mi lọ, ìyẹn pẹlẹbẹ tó wà láàárín tọ́ọ̀pù (irin tó dé orí ẹ́ńjìnnì) àti ara ẹ́ńjìnnì, tí kì í jẹ́ kí omi àti gáàsì pàdé. Tẹ́ ẹ bá pa mọ́tò tó ti gbóná, agbára ṣì wà nínú radiétọ̀ fúngbà díẹ̀, òun ló ń ti omi díẹ̀díẹ̀ gba ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ti là wọ sílíńdà. Tó bá fi máa di àárọ̀ pọ́ọ̀gì ti rin, kò lè ṣáná. Ìgbà tí irin bá gbóná á wú, á fún ibi tó là pọ̀, mọ́tò á wá máa ṣe bí ọmọlúàbí.

Ẹ tú pọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tò wọ́n sílẹ̀. Tí ti ìkejì bá mọ́ tónítóní ju àwọn tó kù lọ, omi ló ń fọ̀ ọ́. Kẹ́ ẹ tó sítáàtì láàárọ̀, ẹ tẹ họ́ọ̀sì òkè radiétọ̀, tó bá le gbandi nígbà tí mọ́tò tutù, gáàsì ti wọ inú omi. Ike kan tún wà tí wọ́n ń gbé sẹ́nu radiétọ̀, omi búlúù ló wà nínú ẹ̀, tí gáàsì sílíńdà bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á di yẹ́lò. Àwọn kan á ní ẹ wo ọ́ìlì, tí ò bá ti funfun gásíkẹ́ẹ̀tì ò ṣe nǹkan kan. Irọ́ ni, ó lè là sí sílíńdà láì kan ọ̀nà ọ́ìlì rárá.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wọn kọ̀ǹpíréṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Ẹ tú gbogbo pọ́ọ̀gì, ẹ yọ fíìsì pọ́ǹpù epo, ẹ já wáyà kọ́ìlì, kẹ́nì kan tẹ tọ́tù (ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ kí mọ́tò sáré) mọ́lẹ̀ pátápátá kó máa kíìkì ẹ̀. Èyí tó bá kéré, ẹ da ọ́ìlì bíi ṣíbí kan sí i, ẹ tún un wọ̀n. Tó bá gòkè, ríǹgì inú sílíńdà ló ti jẹ. Tí ò bá gòkè, fáàfù (tó ń ṣí tó ń tì fún afẹ́fẹ́) tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni.

Ẹ má ṣí ìdérí radiétọ̀ tó gbóná o! Omi inú ẹ̀ lè kọjá 100°C láì hó torí ìdérí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣí i á fò mọ́ yín lójú. Àpá tèmi ṣì wà lápá mi.

Ọlọ́kọ̀Àgbà:
Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Mo ti ṣe é. Mo pààrọ̀ kọ́ìlì, P0302 náà ló tún gbé jáde. Pọ́ọ̀gì kejì mọ́ bíi tuntun, omi búlúù di yẹ́lò kíá. Kọ̀ǹpíréṣọ̀n: 172, 118, 168, 170 psi. A da ọ́ìlì sí ìkejì, 120, kò gbéra. Ẹ jẹ́ n tiẹ̀ jẹ́wọ́, fáànù kú lóṣù méjì sẹ́yìn, géèjì fò dé pupa, mo ṣì fi wà á délé torí ilé ò jìnnà mọ́.

BàbáGáréèjì:
Ẹ̀n ẹ́n! Ẹ ì bá ti kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni, ẹ́ńjìnnì yín ò tíì kú, mẹ́ta tó kù lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dé e padà o, tọ́ọ̀pù tó ti gbóná bẹ́ẹ̀ lè ti tẹ̀. Kí wọ́n gbé irin tó tọ́ lé e, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó sán. Tó bá tẹ̀, kí wọ́n fá a kó tẹ́jú. Kí fáànù àti tàmọ́sítáàtì (tó ń ṣí ọ̀nà fún omi tó bá gbóná) sì dára kí mọ́tò tó kúrò níbẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ máa padà wá.

Ọlọ́kọ̀Àgbà:
Wọ́n ní bóòtù àtijọ́ tó de tọ́ọ̀pù ṣì lágbára, kí wọ́n fi dè é padà ńkọ́?

ỌmọSùpánà:
Ẹ wo ìwé àtúnṣe mọ́tò yẹn. Tó bá jẹ́ irú èyí tó ń fà gùn tí wọ́n bá dè é, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó, ẹ ra tuntun. Kí wọ́n sì dè é láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sùpánà tó ń ka iye agbára, kì í ṣe kí wọ́n fi ojú wọ̀n ọ́n.