Lórí orúkọ ilé aago àti irinṣẹ́ awọnlẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ẹnì kan láàrin wa fẹ́ ṣí ilé kékeré kan tí aráyé yóò ti máa wo aago àtijọ́ àti irinṣẹ́ awọnlẹ̀, ó ń wá orúkọ Yorùbá fún un. Mo ní kó pè é ní "Ilé Òṣùwọ̀n". Bàbá wa kan fèsì pé kò bá a mu: ilẹ̀ là ń wọ̀n, àkókò ńkọ́? Kíkà là ń kà á.

Òótọ́ wà lẹ́nu wọn. Aago fúnra rẹ̀, agogo ni, "g" la pa jẹ. Bí a bá ní aago mẹ́ta ti lù, iye ìgbà tí agogo dún là ń sọ.

Ṣùgbọ́n mo ti gbé ṣéènì Gunter dání rí, ẹ̀wọ̀n irin tí awọnlẹ̀ fi ń wọnlẹ̀, èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 66, tó ní ojú 100. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òrùka ló so wọ́n pọ̀. Ní ojú kẹwàá, idẹ kan rọ̀ mọ́ ọn tó ní eyín kan. Ní ogún, eyín méjì. Ní ọgbọ̀n, mẹ́ta. Ní àádọ́ta, idẹ róbótó. Eyín wọ̀nyẹn ni awọnlẹ̀ ń kà nínú koríko. Ṣé ẹ rí i pé ilẹ̀ pàápàá, kíkà la fi ń wọ̀n ọ́n?

Aago náà sì ń wọnlẹ̀. Ayé ń yí dígírì 360 ní wákàtí 24, wákàtí kan jẹ́ 15. Bí oòrùn bá kan ọ́ ní àtàrí lọ́sàn-án gangan, nígbà tí aago ọwọ́ rẹ, tí a tò sí àkókò Greenwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣì wà ní mẹ́wàá àárọ̀, o wà ní nǹkan bí dígírì 30 sí ìlà-oòrùn ibẹ̀. Nítorí èyí ni John Harrison, aṣe-aago ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe fi ọ̀pọ̀ ọdún wá aago tí ìgbì òkun kò ní dà láàmú, kí atukọ̀ lè mọ ibi tó wà. Ọdún 1761 ni wọ́n gbé ìkẹrin rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Jamaica láti dán an wò.

Ẹni tó ń bẹ̀rù pé kóńgò ọjà ni èèyàn yóò rò, ẹ jẹ́ ká fi kún un: "Ilé Òṣùwọ̀n Ilẹ̀ àti Àkókò". "Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé" kò tẹ́ mi lọ́rùn. Iṣẹ́ tí Herbert Macaulay, awọnlẹ̀ Èkó, kọ́ ní Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó padà sí Èkó lọ́dún 1893, àná ni, kì í ṣe ìṣẹ̀ǹbáyé.

Mo bẹ ẹni tó ni ilé náà, kó gbin pèrègún sẹ́nu ọ̀nà. Òun ni àwọn baba wa fi ń pààlà oko kí òpó sìmẹ́ńtì tó dé.