Ṣé eegun ojúgun àgbàlagbà lè tẹ̀, àbí orúnkún ló fà á?

Ọmọ Ìtókù: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìyá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtókù, wọ́n sì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Nínú fọ́tò tí wọ́n yà pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé wọn, ẹsẹ̀ wọn gún régé. Ní báyìí, bí wọ́n bá fi gìgísẹ̀ kan ìkejì, ọwọ́ mi gba àárín orúnkún wọn méjèèjì. Orúnkún òsì ń dùn wọ́n ní apá inú, pàápàá bí wọ́n bá ń dìde lórí àpótí. Dókítà ní osteoarthritis ni, ìyẹn àìsàn tó ń jẹ oríkèé eegun. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní eegun àgbà kì í yí ìrísí padà. Ṣé òótọ́ ni?

Físíò Òkè-Ìlewó: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Eegun àgbà kì í ga mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í dúró sójú kan: ara ń jẹ ti àtijọ́ kúrò, ó sì ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ibi tí ẹrù bá sì ti pọ̀ ló máa ń le sí. Julius Wolff, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ti kọ èyí sínú ìwé ní 1892. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù obìnrin bá dáwọ́ dúró, èyí tó ń lọ máa ń ju èyí tó ń wọlé lọ.

Bí a bá ń rìn, apá inú orúnkún ló ń gbé èyí tó ju ìdajì lọ nínú ẹrù, kódà lẹ́sẹ̀ tó gún. Bí ojúgun bá wá tẹ̀, ẹrù apá inú yóò pọ̀ sí i, kèrékèré ibẹ̀ (ohun tó ń yọ̀, tó bo orí eegun nínú oríkèé) yóò máa jẹ, kò sì ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ì bá fi tètè sàn. Bó ti ń jẹ ni ẹsẹ̀ tún ń tẹ̀ sí i. Ọ̀kan ń ran èkejì lọ́wọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2001 fi hàn pé, láàárín oṣù 18, ó ṣeé ṣe ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin kí apá inú orúnkún burú sí i lára àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ báyìí.

Ìyá Ìbejì, Láfẹ́nwá: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi igi di ẹsẹ̀ màmá pé òun fẹ́ tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun kan rú mi lójú: ẹsẹ̀ àǹtí mi tẹ̀ jù báyẹn lọ, síbẹ̀ wọ́n ń gun àtẹ̀gùn Olúmọ láìkérora.

Físíò Òkè-Ìlewó: Ohun tí X-ray fi hàn àti ìrora kì í fìgbà gbogbo bára mu. Iṣan itan tó lágbára ń gba orúnkún sílẹ̀ púpọ̀. Kí màmá jókòó sórí àga gíga, kí wọ́n na ẹsẹ̀ kan tààrà, kí wọ́n ka ení dé àrùn-ún kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀. Kí wọ́n fi àpótí sílẹ̀. Bí wọ́n bá sanra, kílò kan tí wọ́n bá dín kù ń gbé nǹkan bíi kílò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè rí físíò ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà. Ẹ ní kí wọ́n ya X-ray náà lórí ìdúró.

Ọmọ Ìtókù: Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀pá ńkọ́?

Físíò Òkè-Ìlewó: Ó dára. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí wọ́n fi dì í mú, nítorí orúnkún òsì ló ń dùn wọ́n.