FL401 láìsí lọ́yà: ibi tó ti máa ń bàjẹ́

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ilé o. Ẹni tó ń béèrè bóyá dandan ni lọ́yà, rárá o. Ní England àti Wales, fọ́ọ̀mù FL401 la fi ń béèrè non-molestation order, ìyẹn àṣẹ kóòtù tó ń ka ọkọ, ìyàwó tàbí ẹbí tó ń ni yín lára léèwọ̀, kò sí owó kankan lórí ẹ̀, kóòtù ò sì ní torí vísà lé yín padà. Àkọsílẹ̀ ẹ̀rí tí ẹ máa so mọ́ ọn ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ "ó máa ń nà mí nígbà gbogbo", wọ́n á dúró síbẹ̀. Kí ni adájọ́ fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ẹ fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, ẹ kọ èyí tó burú jù, kí ẹ tó padà sí ti àkọ́kọ́: ọjọ́ wo, ibo, kí ló ṣe, kí ló sọ, ta ló wà níbẹ̀. Bí ẹ ò bá rántí ọjọ́, ẹ sọ pé "ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ wọlé ẹ̀kọ́". Ìyẹn sàn ju kí ẹ máa méfò.

Tí ẹ ò bá fẹ́ kó mọ ibi tí ẹ sá sí, ẹ má kọ àdírẹ́ẹ̀sì sínú FL401. Inú C8, fọ́ọ̀mù tí kóòtù fi ń pa àdírẹ́ẹ̀sì yín mọ́ ní àṣírí, ló ń lọ. Ẹ yẹ àwòrán ojú fóònù tí ẹ so mọ́ ẹ̀rí wò dáadáa pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni àdírẹ́ẹ̀sì tuntun ti máa ń jò.

Ògbufọ̀:
Ìhàlẹ̀ tó bá fi Yorùbá ṣe, ẹ má kàn túmọ̀ ẹ̀ ṣákálá. Ẹ gbé "ojú ẹ á rí nǹkan" sí Gẹ̀ẹ́sì, ó máa dà bí ẹni tó fẹ́ mú ìyàwó ẹ̀ lọ wo sinimá. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀, ẹ kọ ìtumọ̀ sábẹ́ ẹ̀, kí ẹ wá fi gbólóhùn kan sọ ohun tí ọmọ Yorùbá gbọ́ nínú ẹ̀. Ohùn orí WhatsApp náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ẹ béèrè ògbufọ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Kóòtù ló máa wá a, ẹ má mú àbúrò yín wá.

Àṣàkẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ìyá ọkọ ló ń halẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì:
Ó wà níbẹ̀. Family Law Act 1996 ka òbí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọkọ mọ́ ẹbí. Aládùúgbò ni ò sí níbẹ̀, òfin mìíràn ló kan ìyẹn.

Bàbá Akọ̀wé:
Tí ẹ bá fẹ́ kí adájọ́ fọwọ́ sí àṣẹ kí olùjẹ́jọ́ tó gbọ́, ẹ kọ ìdí ẹ̀: ewu wo ló máa dé tó bá tètè gbọ́? Adájọ́ á tún dá ọjọ́ mìíràn tí olùjẹ́jọ́ náà á wá sọ tẹnu ẹ̀. Ẹ má pa ọjọ́ yẹn jẹ o. Ẹ lè béèrè aṣọ ìkélé tí wọ́n máa fi pín ẹ̀yin àti òun níyà ní kóòtù. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n máa ń sọ pé "ẹ jẹ́ kó kàn ṣèlérí". Undertaking nìyẹn, ọlọ́pàá ò sì lè torí ẹ̀ mú un. Tó bá rú àṣẹ gan-an, ọ̀ràn ni, ẹ̀wọ̀n ẹ̀ lè tó ọdún 5. Òfin ò tiẹ̀ fẹ́ kí adájọ́ gba ìlérí dípò àṣẹ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìlùkílù, tí àṣẹ sì pọn dandan.

Ẹ má fọwọ́ ara yín fún un ní ìwé. Ẹ fi fọ́ọ̀mù D89 bẹ kóòtù kí akódà bá yín mú un lọ, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá fi lé e lọ́wọ́ á kọ fọ́ọ̀mù FL415 pé òun fún un, ẹ mú ẹ̀dà ẹ̀ àti àṣẹ lọ fún ọlọ́pàá. Kó tó mọ̀ pé àṣẹ wà, kò tíì dá ọ̀ràn. Akódà tó lọ kanlẹ̀kùn láàárọ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, oorun ló máa bá a. Nítorí náà, ẹ so fọ́tò ẹ̀ mọ́ D89, ẹ kọ ibi iṣẹ́ ẹ̀, irú mọ́tò tó ń wà àti aago tó máa ń wọlé.

Àṣàkẹ́:
Ẹ ṣé, sà. Tí ọjọ́ orí àṣẹ bá ń parí lọ ńkọ́?

Bàbá Akọ̀wé:
Ẹ lọ béèrè àfikún kó tó parí. Ẹ tún mú ohun tó ti ṣe láti ìgbà yẹn dání.