205 GTI àtijọ́ ní Àjàṣẹ́: ṣé sódàbì lè dípò epo?

Ọmọ Ògánlá, Àjàṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa lókè òkun. Peugeot 205 GTI 1.9 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mò ń tún ṣe. Láti 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, kpayo, epo fàyàwọ́ tó ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá, ti wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Wándó ní kí n máa lu sódàbì, ọtí ẹmu tí wọ́n sè bí ògógóró, mọ́ ọn, pé ẹtanọ́ọ̀lù ṣáà ni, òun náà ni wọ́n ń lò ní Faransé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì, Lyon:
Jọ̀ọ́, má tíì dà á o. Dúró de Ẹ̀gbọ́n Marseille, irú ọkọ̀ yẹn ló ń wà.

Ẹ̀gbọ́n Marseille:
Àbúrò, o ṣeun tó o kọ́kọ́ béèrè. Sódàbì tó le dáadáa pàápàá, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ omi ni. Bó o bá lù ú mọ́ epo, omi àti ọtí á jọ rì sísàlẹ̀ táǹkì, ibẹ̀ gan-an sì ni pọ́ǹpù ti ń fa epo. Bó o tilẹ̀ ń sè é léraléra, kò ní kọjá nǹkan bíi 96 nínú 100.

E85 tí à ń rà níbí, wọ́n ti gba omi lára rẹ̀. Ẹtanọ́ọ̀lù inú rẹ̀ máa ń wà láàárín 65 sí 85 nínú 100, epo ni ìyókù. Ó rọjú ju epo lọ púpọ̀, ó ń mú inú ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ́ńjìnnì kì í sì kan kó-kó-kó bó o bá tẹ̀ ẹ́ lórí òkè. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ṣùgbọ́n kílò epo kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kílò 14.7, ti ẹtanọ́ọ̀lù kò ju 9 lọ. Afẹ́fẹ́ kan náà, ẹtanọ́ọ̀lù tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń gbà. Ọkọ̀ tuntun a máa tọ́ èéfín ara rẹ̀ wò, á fi epo kún un. Tèmi kò ní ẹ̀rọ yẹn. Mi ò mọ̀ nígbà náà, mo da E85 kún táǹkì, mo gba ọ̀nà Aix. Ó ń fà, ó ń dúró, mo ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Ẹtanọ́ọ̀lù tó ń wọlé kò tó, iná rẹ̀ gbóná jù, ó sì dá ihò sí piston kan, irin tó ń lọ sókè-sódò nínú ẹ́ńjìnnì. Ọdún kan ni mo fi kó owó àtúnṣe jọ. Ìgbà tí mo pààrọ̀ injector, ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, sí èyí tó tóbi, tí mo sì tún ìwọ̀n epo rẹ̀ ṣe, ló tó rọgbọ.

Ìyá Ìbejì, Lyon:
Ẹ má gbàgbé rọ́bà epo o, ẹtanọ́ọ̀lù lè ba ti àtijọ́ jẹ́. Ti ọkọ mi sán lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òórùn epo gba gbogbo gáràjì. Àwọn ọmọ wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò tíì gbàgbé ẹ̀rù yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Marseille:
Òótọ́ ni. Ẹtanọ́ọ̀lù tún máa ń fọ ẹrẹ̀ inú táǹkì àtijọ́ wá dí fílítà. Àjàṣẹ́ sì sún mọ́ ọ̀sà: ẹtanọ́ọ̀lù ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ọkọ̀ tó bá ń dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò yẹ fún un. Níbo lo tiẹ̀ ti máa rí E85 rà?

Ọmọ Ògánlá, Àjàṣẹ́:
Mi ò tíì rí i níbí, ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Marseille:
Nígbà náà, epo ni kó o bá lọ. Pààrọ̀ fílítà àti púlọ́ọ̀gì, wo gbogbo rọ́bà afẹ́fẹ́ bóyá ó ti sán. Ibẹ̀ ni epo mi ń ṣòfò sí tẹ́lẹ̀. Bó o bá ra kpayo, fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ.

Ọmọ Ògánlá, Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣé gan-an. Lọ́jọ́ Sátidé ni màá tú rọ́bà wọ̀nyẹn, màá ya fọ́tò wọn síbí kí ẹ bá mi wò ó.