Ìpàdé ẹbí lórí ọ̀rọ̀ ọkọ: kí ni kí n sọ ní Sátidé?

Àjíkẹ́ Òkè-Àdó: Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí ti ju agbára mi lọ. Sátidé tó ń bọ̀, ẹbí fẹ́ pe ìpàdé lé mi lórí torí pé mi ò lọ́kọ. Ọmọ ọdún 38 ni mí, mo níṣẹ́, mò ń dá gbé, mi ò tọrọ jẹ. Mo ti sọ fún màmá mi wọ́ọ́rọ́wọ́ pé bí mo ṣe wà yìí tẹ́ mi lọ́rùn, wọ́n sunkún dalẹ́. Níbi ìkómọ kan lóṣù tó kọjá, àǹtí mi gbé ìrẹsì fún mi, ẹran tó wà lórí rẹ̀ ò ju ìka ọwọ́ lọ. Wọ́n ní àwọn ìyá ọmọ ló ni ẹran ńlá. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo kọ́kọ́ sanwó aṣọ ẹbí! Àbúrò mi ọkùnrin tó yẹ kó gbè mí lẹ́yìn ló tún ń pariwo jù, pé kí n lọ ilé ọkọ ná kí n tó dáwọ́ lé ohunkóhun. Kí ni kí n sọ tí wọ́n á fi fi mí lọ́rùn sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Má bínú o, ọdún 38 kì í ṣe kékeré. Ìyá ẹ ò jayò pa. Ta ni yóò tọ́jú ẹ lọ́jọ́ alẹ́?

Dúdúyẹmí: Ìyá Ìbejì, ẹ rọra. Ṣé gbogbo ìyá tó bímọ lọmọ ń tọ́jú? Àjíkẹ́, wo ìwé owó oṣù rẹ: ìdá 8 nínú 100 ló yẹ kí wọ́n máa yọ fún ìfẹ̀yìntì, kí ọ̀gá rẹ fi ìdá 10 lé e. Bí ọ̀gá ò bá san tiẹ̀, tètè pariwo. Òmíràn: ẹni tó o kọ sí "next of kin" ní báǹkì kì í ṣe ajogún, ẹni tí wọ́n á ké sí lásán ni. Ìwé ìhágún ni kó o kọ. Kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀ pa pọ̀ bó o ṣe ń fọwọ́ sí i, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó máa jogún ò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó o fún un á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá Tíṣà: Ìpàdé ló bèèrè, ẹ̀ ń kọ́ ọ ní ìwé ìhágún. Ọmọ mi, lọ rí olórí ẹbí ní Ọjọ́bọ̀, mú obì àti ohun mímu dání, kó gbọ́ tẹnu ẹ kó tó gbọ́ ti gbogbo wọn. Ní Sátidé, kúnlẹ̀ kí wọn, jẹ́ kí wọ́n sọ tán, kó o wá ní, "Mo gbọ́, ẹ ṣeun, ẹ máa fàdúrà ràn mí lọ́wọ́." Kò tán? Má ṣàlàyé: àlàyé ni wọ́n á rí dì mú. Má sì dá ọjọ́ fún wọn, wọ́n á máa kà á.

Bàbá Elépo: Àjíkẹ́, àbúrò rẹ ní "kó o tó dáwọ́ lé ohunkóhun." Ohunkóhun wo?

Àjíkẹ́ Òkè-Àdó: Màmá Tíṣà, màá ra obì yẹn. Ìyá Ìbejì, mi ò bá yín jà. Bàbá, ilẹ̀ kan ni, ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn níbí. Mo fẹ́ kọ́ ilé kékeré sí i. Ìyẹn kọ́ la ń sọ.

Bàbá Elépo: Ìyẹn gan-an là ń sọ. Orúkọ ta ló wà lórí rìsíìtì?

Àjíkẹ́ Òkè-Àdó: Ti àbúrò mi. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní àwọn ò tà fún obìnrin tí ò lọ́kọ. Èmi ni mo sanwó, ní 2019. Ọmọ ìyá mi ni, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọkọ sílẹ̀ ná.

Bàbá Elépo: Má da yanrìn kankan síbẹ̀ o. Ilé ń tẹ̀lé ilẹ̀ ni lójú òfin: ẹni tó nilẹ̀ ló nilé. Má sì fẹnu kàn án ní Sátidé. Kó tó dìgbà náà, gba statement ọdún náà ní báǹkì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Bó o bá ní ẹ̀dà survey, ìyẹn ìwé àwòrán ilẹ̀ náà, kọ nọ́ńbà àwọn òpó igun ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, kí sọféyọ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General bóyá wọ́n ti fi red copy, ẹ̀dà survey tó jẹ́ ti ìjọba, síbẹ̀, àti orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Lọ́yà á wá kọ deed tí àbúrò rẹ á fi gbé ilẹ̀ náà fún ọ, wọ́n á san stamp duty, owó òǹtẹ̀ ìjọba, wọ́n á forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, Àgọ́dì.

Dúdúyẹmí: Bó bá kọ̀ ńkọ́?

Bàbá Elépo: Òfin máa ń wo ibi tí owó ti jáde. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ń bá ẹni tó sanwó dì í mú ni, àfi bó bá fi hàn pé ẹ̀bùn ni.

Àjíkẹ́ Òkè-Àdó: Mo ti rí alert náà lórí fóònù. Mẹ́ta ni, àkáǹtì àbúrò mi ni gbogbo ẹ̀ gbà kọjá. Méjì, mo kọ "owó ilẹ̀" sí i. Ìkẹta bọ́ sí ọjọ́ ìbí rẹ̀, mo wá fi ṣeré, mo kọ "ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí."

Bàbá Elépo: Èwo ló pọ̀ jù nínú wọn?

Àjíkẹ́ Òkè-Àdó: Òun náà ni.