Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: mo fẹ́ mú màámi lọ sí Castagneto Carducci

Ìyá Tóbi, London
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Oorun ò kùn mí láti ìjẹta. Màámi wà lọ́dọ̀ wa láti oṣù tó kọjá, láti Abẹ́òkúta. Ọdún 32 ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní lítíréṣọ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo ní ibo ni wọ́n fẹ́ rí ní Yúróòpù, wọn ò dárúkọ Paris, wọn ò dárúkọ Róòmù. Castagneto Carducci ni wọ́n ní, ìlú kékeré orí òkè ní Tuscany, ní Ítálì, níbi tí Giosuè Carducci gbé ní kékeré. Òun ni ọmọ Ítálì àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀, lọ́dún 1906. Wọ́n ní ọdún 80 géérégé lẹ́yìn rẹ̀ ni Ṣóyínká gba tiwa, àti pé àwọn ti ń ka àwọn méjèèjì látìgbà ọmọge.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkọ mi sọ: "Ìlú ọlọ́tí lo fẹ́ mú Màmá lọ?" Àtìgbà náà ni kò ti dá sí i mọ́. Èmi nìkan ni mo sanwó bàálù dé Pisa, èmi nìkan ni mo sanwó ilé. Ẹni tó bá mi wá ilé ní àárín ìlú ló wà. Ìgbà tí mo máa wo máàpù, àárín oko àjàrà ni! Kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí nǹkan kan. Mi ò mọ ọkọ̀ wà, orúnkún sì ń dun màámi. Onílé ò ní dá owó padà. Báwo la ṣe máa rìn níbẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Livorno
Ẹ kú ìnáwó o. Mo máa ń gbé ẹrù lọ sápá ibẹ̀. Ẹ wọ rélùwéè ní Pisa, bíi wákàtí kan, kẹ́ ẹ sọ̀ ní Castagneto Carducci-Donoratico. Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó wọlé, torí àwọn tó ń sáré kì í dúró níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ibùdó rélùwéè wà, orí òkè ni ìlú wà, kò ṣeé fẹsẹ̀ rìn fún àgbàlagbà. Bọ́ọ̀sì ò pọ̀, ti Sọ́ńdè ló burú jù. Ẹ ní kí onílé bá yín wá takisí sílẹ̀.

Ṣé Màmá ti gba físà Ítálì?

Ìyá Ìbejì
Èmi mú ìyá ọkọ mi lọ sí Venice. Áà! Bá a ṣe gun afárá kan la tún ń bá òmíràn. Ní ẹ̀kẹta, Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́, kí n lọ ra búrẹ́dì wá. Títí dòní wọ́n ṣì ń rò mí lẹ́jọ́ fún gbogbo ẹbí. Ẹ wá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti àgbàlagbà.

Bàbá Àgbà Peckham
Ọmọ mi, ọkọ rẹ ò jẹ̀bi. Kí ni ìyá ìjọ fẹ́ ṣe láàárín ọgbà àjàrà? Canterbury, ìlú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Áńgílíkà, wà nítòsí. Mú wọn lọ síbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Livorno
Bàbá, ẹ má bínú. Ewì ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ibẹ̀, kì í ṣe ọtí. Carducci kú lọ́dún 1907, ọdún yẹn náà ni wọ́n so orúkọ rẹ̀ mọ́ Castagneto. Sassicaia, wáìnì Bolgheri, abúlé ìtòsí ibẹ̀, tí gbogbo ayé ń pariwo, ti ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sọ́jà.

Ìyá Tóbi, London
Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ ṣeun. Ìyá Ìbejì, màámi kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sílẹ̀ lójú títì. Bàbá, mo gbọ́, àmọ́ ọtí kọ́ la ń wá lọ. Ọ̀nà Bolgheri ni, lábẹ́ Castagneto náà ló wà. Láti ilé àdúrà San Guido dé ẹnubodè pupa Bolgheri, bíi kìlómítà márùn-ún, igi sípírẹ́sì tò lọ́tùn-ún lósì, ọ̀nà náà sì tọ́ bí ọfà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Carducci nígbà tí bàbá rẹ̀, tó jẹ́ dókítà, kó wọn wá síbẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó kọ ewì kan: ó ń fi rélùwéè kọjá, àwọn igi yẹn sáré wá pàdé rẹ̀, wọ́n ní kó dúró. Kò lè dúró, ló bá rántí ìyá rẹ̀ àgbà, Lucia, tó máa ń pàlọ́ fún un, tí wọ́n sin sí Bolgheri.

Ìyá tó bí màámi ò mọ̀wé, àmọ́ kò sí àlọ́ tí wọn ò mọ̀. Màámi ti da ewì yẹn kọ sínú ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ búlúù. Ibojì Lucia ni wọ́n fẹ́ dé.

Àdùkẹ́, Milan
Físà ńkọ́? A ti bi yín lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá Ìbejì
Ẹ má gbàgbé kẹ̀kẹ́ o.

Ìyá Tóbi, London
Físà wà. Ti UK tí wọ́n fi wọlé, ó ṣì ku oṣù mẹ́rin kó tó parí. Ẹni tó bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì ní kò séwu, torí ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Ìwé ìlú ìhín lèmi ní. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ la ń lọ.

Àdùkẹ́, Milan
Yéè! Físà UK ò wọ Ítálì o. Schengen ni Ítálì, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan, Britain ò sí nínú rẹ̀. Ẹ má gbé Màmá dé pápákọ̀ òfurufú, ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀wé wò ni wọ́n á ti dá wọn padà. €90 ni físà náà fún àgbà. Wọ́n lè fi ọjọ́ 15 yẹ ìwé wò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi sílẹ̀, ẹ ò sì tíì rí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ fi sílẹ̀ gan-an. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ò lè ṣeé ṣe.

Bàbá Àgbà Peckham
Mo sọ ọ́. Canterbury.

Àdùkẹ́, Milan
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹkún ni obìnrin yìí ń sun.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Livorno
Ohun tó jẹ́ kí n bèèrè nìyẹn. Ẹni tó bá wá kí ọmọ lásán ní London, wọ́n á bi í pé kí ló dé tí kò gbà á nílé. Èkó ló dáa kí Màmá ti gbà á. Ẹ kọ̀wé sí onílé lálẹ́ yìí, ẹ sọ òótọ́ fún un. Ẹlòmíì ò ní dá owó padà, àmọ́ á gbà kẹ́ ẹ sún ọjọ́ síwájú.

Ìyá Tóbi, London
Mi ò tíì lè jáde lọ bá wọn. Wọ́n wà ní pálọ̀, ìwé búlúù yẹn wà lórí itan wọn, wọ́n ń ka ewì náà sétí Tóbi. Ọkọ mi ti ka gbogbo ohun tá a kọ síbí. Ó wá jókòó tì mí, ó ní òun máa pe onílé náà fúnra òun. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé oṣù Kẹrin ọdún tó ń bọ̀ dáa?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Livorno
Ó dáa, ooru ò tíì mú nígbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti gba físà, ẹ pè mí. Èmi ni máa wá gbé yín ní Pisa, a ó rọra gba abẹ́ àwọn igi yẹn kọjá, Màmá á sì jókòó síwájú.